Ṣé igbó ni ká kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, àbí orí ẹ̀ ni ká kọ́kọ́ tọ́jú? Ìtọ́sọ́nà fún ẹbí ní Èkìtì

Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra ni mò ń tọ́jú. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń bi mí jù, ìyá kan lè pè láti Ìkọ̀lé, ẹ̀gbọ́n kan lè pè láti Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ọmọ wa ń mugbó, ó ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, àwọn kan ní kó jáwọ́ ńnú igbó ná ká tó gbé e lọ sọ́sibítù, àwọn kan ní tí orí ẹ̀ bá ti balẹ̀ kò ní wo ibi tí igbó wà mọ́, èwo ni ká ṣe?"

Ìdáhùn mi rèé kẹ́ ẹ má bàa wá a dé ìsàlẹ̀: méjèèjì lẹ máa tọ́jú pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú tí wọ́n jọ ń gbọ́ra wọn yé. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú orí tẹ́ ẹ fi igbó sílẹ̀, igbó á da iṣẹ́ oògùn rú. Tẹ́ ẹ bá gba igbó lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ ò tọ́jú orí, ohùn tó ń gbọ́ lóru ò ní jẹ́ kó sùn, á tún wá nǹkan tó máa fi pa á lẹ́nu mọ́. Òrùlé tó ń jò níbi méjì ni, ẹ wá gbé korobá sábẹ́ ẹyọ kan.

Kì í sì í ṣe igbó nìkan o. Ọtí, paraga, tramadol, codeine, kólórádò (igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe), ice (tí àwọn kan ń pè ní mkpuru mmiri), gbogbo ẹ̀ ni mò ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ẹni tó ń jà nígboro nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí dípírẹ́ṣọ̀n (ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le) mú tó wá ń fi ògógóró tu ara ẹ̀ nínú lálaalẹ́, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń san owó ẹgbẹ́, òun náà wà ńbẹ̀, òun gan-an lẹnìkan kì í tètè fura sí.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó: ṣé ọ̀rọ̀ tó lè dọ̀la ni?

Tẹ́ ẹ bá rí ẹyọ kan péré nínú ìwọ̀nyí, ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí tì, ẹ gbé e lọ sí ẹmájẹ́ńsì ọsibítù tó sún mọ́ yín jù, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

- Ó ní òun fẹ́ kú, tàbí ẹ bá okùn tàbí oògùn eku níbi tó ń sùn.
- Ohùn kan ń pàṣẹ fún un pé kó ṣe ẹnì kan léṣe, tàbí ó ti mú àdá.
- Gìrì gbé e, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó sì ti dìde.
- Ó sùn, ẹ ń pè é kò dáhùn, mímí ẹ̀ ń falẹ̀, ètè ẹ̀ ń yí dà, ọmọlójú ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́.
- Ojoojúmọ́ ló ń mutí tẹ́lẹ̀, ó wá dáwọ́ dúró lójijì, ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, kò mọ ibi tó wà.
- Kò jẹun, kò mumi, ó ti tó ọjọ́ méjì.
- Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín nípa ọmọ náà.
- Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ọpọlọ fún un, ara ẹ̀ gbóná janjan ó sì le gbandi.

Bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan dùbúlẹ̀ tí kò bá jí sáyé dáadáa, kí èébì má bàa gba ọ̀nà èémí ẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí há a léyín. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́fun, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nìyẹn, ẹni tí kò jí sáyé ò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń lọ. Ẹ kó páálí, ike tàbí ọ̀rá nǹkan tó lò dání.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ wá ìwé kan, kódà ẹ̀yìn ìwé ìléwọ́ tí wọ́n pín lójúde ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe é lò. Ohun tí dókítà máa bèèrè nìyí, tí ọ̀pọ̀ ẹbí á sì máa wojú ara wọn:

1. Kí ló ń lò? Orúkọ tí wọ́n ń pè é ládùúgbò ni kẹ́ ẹ kọ. Loud, kólórádò, skuchies, mọ́ńkì téèlì, a mọ gbogbo ẹ̀, ẹ má tijú.
2. Báwo ló ṣe ń lò ó, èló lójúmọ́? Ṣé ó ń mu ún ni, ó ń fà á símú ni, àbí ó ń gún un lábẹ́rẹ́?
3. Ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn? Kẹ́ ẹ mọ wákàtí ẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, ìdí ẹ̀ wà ní Ìgbésẹ̀ 2.
4. Èwo ló ṣáájú? Ṣé ó ti ń gbóhùn tàbí fura sí gbogbo èèyàn kó tó fẹnu kan igbó, àbí igbó ló kọ́kọ́ dé?
5. Ṣé ìgbà kan wà tí kò lo nǹkan kan fún bí oṣù kan, bóyá nígbà tó wà lọ́dọ̀ màmá àgbà lábúlé? Báwo lorí ẹ̀ ṣe rí nígbà yẹn?
6. Ta ló ti ṣe é rí nínú ìdílé, ní ti bàbá àti ti ìyá?
7. Ṣé ó ti ní jàǹbá ọ̀kadà tó fi orí gbá nǹkan rí? Ṣé ó ní wárápá?

Ìdáhùn ìbéèrè kẹrin àti ìkarùn-ún ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, òun ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tó ń lò ló da orí rú tàbí àìsàn kan wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí nǹkan náà kàn wá ń da epo sí i.

Ẹ má gbàgbé àwọn tẹ́ ò ń kà mọ́ oògùn olóró. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ọtí ni. Paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọtí ni, bí egbò igi kún inú ìgò náà dé ọrùn. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fà símú, pẹtiróòlù, ihò ṣaláńgá tí àwọn ọmọ kan ń tẹ orí bò láti fà á símú, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ má tì í mọ́lé pé kó jáwọ́ lónìí

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí ibí lèèyàn ti ń kú.

Ọtí àti oògùn oorun. Ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tàbí tó ń lo Valium, Lexotan, Rohypnol, ara ẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé tó bá ṣíwọ́ lójijì, ọpọlọ á ta kìjí. Ti ọtí, ọwọ́ gbígbọ̀n àti òógùn máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24 tó mu ún kẹ́yìn. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Tó bá wá di bí ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 4, òmíràn á máa rí èèrà lára ògiri, á máa bá òkú sọ̀rọ̀, kò ní mọ ọ̀sán yàtọ̀ sóru, ara á gbóná, ọkàn á máa lù kìkì, èyí gan-an ló ń pani.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Wọ́n ti bọ̀dá mọ́ yàrá lálẹ́ Friday pé kò ní rí ọtí mọ́ láyé. Nígbà tó fi máa di Sunday ó ti ń pariwo pé àwọn èèyàn kún yàrá, gbogbo ilé á ní "ẹ ò rí i pé ẹ̀mí àìmọ́ ni", wọ́n á sì gbé e lọ sórí òkè láti gbààwẹ̀. Ara tó ń bèèrè ọtí ni, ọsibítù sì ní oògùn ẹ̀. Wọ́n á fún un ní nǹkan tó máa fi ọpọlọ balẹ̀, wọ́n á dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún un ní fítámì B1 torí pé àwọn tó ń mutí láìjẹun kì í ní in lára, àìsí ẹ̀ sì lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Fítámì yẹn ló yẹ kó ṣáájú dríìpù tó ní ṣúgà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má pe ẹni tó ń ta kẹ́míìsì wá so dríìpù kọ́ ojú fèrèsé.

Tí ọsibítù bá máa dọ̀la lóòótọ́, kó má ṣíwọ́ lójijì kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo mọ̀ pé á ṣòro fún ìyá láti fi ọtí sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀, àmọ́ gìrì ò mọ ìyá.

Tramadol àti codeine. Tó bá ṣíwọ́, á máa yán, imú á máa ṣomi, ara á ro ó wọnú eegun, á máa yàgbẹ́ gbuuru, oorun á dá. Ó le gan-an, àmọ́ kì í sábà pa àgbàlagbà tó ń rí omi mu. Wàhálà tramadol ni pé òun fúnra ẹ̀ lè fa gìrì tó bá pọ̀, tó bá sì tún pàdé àwọn oògùn dípírẹ́ṣọ̀n kan nínú ara ewu ń pọ̀ sí i, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.

Igbó àti ice. Ó lè ṣíwọ́ ìwọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fi igbó sílẹ̀ á máa bínú, kò ní sùn, kò ní lè jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó fi ice sílẹ̀ á sùn bí òkú, lẹ́yìn náà ni ìbànújẹ́ ńlá máa ń dé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lásìkò yẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: Bẹ́ ẹ ṣe máa bá a sọ ọ́

Nígbà tójú ẹ̀ bá wálẹ̀ ni, kì í ṣe nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìpàdé ẹbí tí èèyàn méjìlá pé yí i ká. Ohun tó ń dùn ún gan-an ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbà pé orí àwọn ń dàrú, àmọ́ wọ́n á gbà pé àwọn ò rí oorun sùn, tàbí pé ẹ̀rù ń ba àwọn.

Dípò "ìwọ ọmọ burúkú yìí, o ti fi igbó ba ayé ẹ jẹ́", ẹ sọ pé: "Mo rí i pé o ò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọkàn mi ò balẹ̀, jẹ́ ká lọ rí dókítà nítorí oorun yẹn, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ."

Tó bá ní wọ́n ń lépa òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì bá a gbè é. "Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́, mi ò rí wọn o, ṣùgbọ́n mo wà níbí" ti tó.

Tó bá jẹ́ pé bàbá lọ̀rọ̀ kàn ńkọ́? Èyí ṣòro jù lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ wo ló máa sọ fún bàbá ẹ̀ pé ẹ mutí yó? Ẹ má ṣe é fúnra yín. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń mu ẹmu tẹ́lẹ̀ tó ti fi sílẹ̀, tàbí àgbà ìjọ tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Kẹ́ni náà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìrí oorun sùn lẹ fẹ́ lọ wò. Irọ́ kọ́ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń bá ọtí rìn, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ òun náà wò níbẹ̀.

Ojú tó ń ti yín náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka àjọ àgbáyé UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, bá Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, wọn ò tíì ka ọtí mọ́ ọn. Aládùúgbò tẹ́ ẹ̀ ń bò ó fún, ó ṣeé ṣe kó ní tiẹ̀ nínú ilé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ

Ní Èkìtì níbí, lára àwọn ọsibítù ńlá tó ní dókítà àìsàn ọpọlọ ni EKSUTH (ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì) ní Adó, àti Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì. Ẹni tó ń gbé lápá Òmùò tàbí Ọ̀tùn tí owó mọ́tò ò tíì jọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba tó wà lágbègbè yín, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín, lẹ́tà yẹn máa ń dín ìdúró kù.

Tí wọ́n bá ní ẹ gbé e jáde ní Èkìtì, ibi tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni ọsibítù ọpọlọ Akúrẹ́, ti OAU ní Ifẹ̀, UCH Ìbàdàn, tàbí Aró l'Abẹ́òkúta tó ní ẹ̀ka ọ̀tọ̀ fún àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún.

NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní ọ́fíìsì ní Adó, wọ́n sì ní nọ́ńbà tí kò gba owó, 0800 1020 3040. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé wọ́n á wá kó ọmọ àwọn. Àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ láti jáwọ́ ni wọ́n ṣe nọ́ńbà yẹn fún, ẹ lè pè é kẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ilé ìtọ́jú aládàáni, tí wọ́n ń pè ní rehab, wà níbi púpọ̀, àwọn kan dáa, àwọn kan sì jẹ́ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kun lọ́dà ni. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè:

- Dókítà ọpọlọ wo ló ń wá síbí, ọjọ́ wo ló ń wá?
- Tí gìrì bá gbé e nígbà tí ọtí bá ń kúrò lára ẹ̀, kí lẹ máa ṣe?
- Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa tọ́jú orí ẹ̀, àbí oògùn olóró nìkan?
- Ṣé a lè wá wò ó, ká sì rí ibi tó ń sùn?
- Ṣé ẹ ń so èèyàn mọ́lẹ̀, ẹ ń nà wọ́n?

Tí wọ́n bá ní ẹ ò lè wá wò ó fún oṣù mẹ́ta, ẹ wọkọ̀ padà sílé. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe aláìsàn ní asínwín, ẹni tó ń ṣàìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tọ́jú òun bí èèyàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Lọ́dọ̀ dókítà

Ẹ sọ òótọ́. Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá. Wọ́n á gba ìtọ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wo ẹ̀dọ̀, ṣúgà, máléríà, HIV àti hepatitis, torí máléríà tó wọ ọpọlọ tàbí orí tó fara pa lè jọ wèrè lójú yín.

Nípa ìtọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́: igbó lè wà nínú ìtọ̀ ẹni tó ń mu ún gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tó ti fi sílẹ̀. Ẹ má torí pé tẹ́ẹ̀sì mú un kẹ́ ẹ wá sọ pé ó ti mu ún lánàá, mo ti rí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní kọ́ríńdọ̀ torí ẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, dókítà lè má dárúkọ àìsàn náà. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ o. Orí tí nǹkan mímu dàrú máa ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí nǹkan náà bá ti ń kúrò lára, tí ohùn àti ìfura bá wá ṣì wà lẹ́yìn bí oṣù kan tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, á jọ pé àìsàn bíi schizophrenia tàbí bípólà wà nílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìtọ́jú ò dúró de ìgbà yẹn ṣá, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má kúrò ńbẹ̀ láìbéèrè: kí lorúkọ oògùn yìí, kí ni yóò ṣe fún un, ọjọ́ mélòó kó tó ṣiṣẹ́, kí la gbọ́dọ̀ sá fún, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ igbó tàbí ọtí? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn ẹbí máa ń gbàgbé. Tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan kì í mú èèyàn jáwọ́, ó yẹ kó máa jókòó pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́ náà, kí wọ́n jọ wo ohun tó ń tì í síbẹ̀ àti bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Oògùn nílé

Ẹnì kan nínú ilé ni kó tọ́jú oògùn, kó máa fún un lójú ara ẹ̀, kó rí i pé ó gbé e mì. Tó bá ń fi í pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n, ẹ bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, ó máa ń gba ilé lọ́wọ́ ariwo àràárọ̀.

Àwọn oògùn ọpọlọ kan, pàápàá haloperidol, lè mú kí ọrùn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kójú yí sókè, kí ahọ́n wú. Èpè kọ́, ẹ gbé e padà kíá, abẹ́rẹ́ kan ló ń tú u. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún un láti dènà ẹ̀ ni Artane, ẹ ṣọ́ra fún òun náà o, àwọn ọmọ ìta ń rà á fi yó. Artane àti Valium, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé oògùn ọsibítù náà ò ní di bárakú fún un?" Oògùn tó ń lé ohùn lọ àti èyí tó ń wo dípírẹ́ṣọ̀n kì í di bárakú bí igbó àti ọtí. Oògùn oorun bíi Valium ló lè di bárakú, ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fẹ́ kó pẹ́ lórí ẹ̀. Ti dípírẹ́ṣọ̀n sì ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ẹ má jù ú nù ní ọjọ́ karùn-ún pé kò ṣiṣẹ́.

Àwọn nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ara kan náà:

- Ọtí pẹ̀lú Valium tàbí tramadol. Ó lè dá mímí dúró lójú oorun.
- Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn fi ń wo wèrè, pẹ̀lú oògùn ọsibítù. Ewé yẹn lágbára lóòótọ́, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tó bá dà pọ̀ mọ́ tọsibítù èèyàn lè dìde kó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà tó bá ti mu ún.
- Sìgá náà ní tiẹ̀. Tó bá ń lo olanzapine tàbí clozapine, sìgá máa ń jẹ́ kí ara jó oògùn náà tán kíákíá. Tó bá wá fi sìgá sílẹ̀, oògùn náà á pọ̀ jù lára ẹ̀, á máa sùn ṣáá. Kó fi sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà.

Ọlọ́kadà ni? Kó má gun ọ̀kadà títí ara ẹ̀ á fi mọ oògùn oorun náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn tó bá ti padà sílé

Ẹ fi í sọ́kàn pé ó lè tún mu ún. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má lé e jáde, ẹ má sì ní kó dá oògùn ọpọlọ dúró torí pé ó mugbó. Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ wo ohun tó fà á. Lóde Èkìtì, ohun tó ń fà á ò jìnnà: ìsìnkú àgbà tí ọtí ń ṣàn bí omi, owó tó dé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rẹ́ tó ń dúró dè é ní joint, àìríṣẹ́ṣe. Ẹ bá a pinnu ṣáájú: ta ló máa bá a lọ síbi ìsìnkú, ta ló máa bá a gba owó iṣẹ́ pamọ́, kí ló máa sọ tí wọ́n bá na ife sí i.

Ewu tí ẹnìkan kì í sọ fún ẹbí: ẹni tó ti wà lọ́sibítù fún oṣù kan láìlo tramadol, ara ẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀. Iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, òun náà lè pa á lónìí. Ẹ sọ fún òun fúnra ẹ̀, ní gbangba, lọ́jọ́ tó bá ń jáde.

Ẹ lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ kọ àmì tirẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: kì í sùn fún òru méjì, kì í wẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín, ó ń bo fèrèsé. Kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ máa pè sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ náà, ẹ máa pín in ṣe, kì í ṣe màmá nìkan ló bí i.

Àṣìṣe tí mò ń rí lójoojúmọ́

Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba. Ẹsẹ̀ á jẹrà, orí ò ní dáa.

Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje fún ẹni tí ọtí ń kúrò lára ẹ̀. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á, pásítọ̀ àti àlùfáà tó ní ọgbọ́n á sọ fún yín pé kó jẹun kó sì lo oògùn ẹ̀. Èyí tó bá ní kó da oògùn nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn, ẹ yẹra fún un.

"Ẹ fẹ́ ìyàwó fún un, orí ẹ̀ á wálẹ̀." Ẹ ti sọ ọmọ ọlọ́mọ sínú wàhálà tẹ́ ò sọ fún un.

"Jẹ́ kó máa mu bíà díẹ̀ kó lè gbàgbé igbó." Bárakú kejì lẹ fi ń dá a lọ́lá.

"Ká mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Èkó kó lè jìnnà sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀." Igbó ò ṣọ̀wọ́n l'Ékòó, ẹ̀gbọ́n á ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láti aago márùn-ún ìdájí, òun nìkan láá kù sílé.

Tó bá kọ̀ jálẹ̀, tàbí tówó ò bá tó

Tó bá kọ̀ láti lọ, ẹ̀yin ẹ lọ. Ẹbí lè lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì láìmú un dání, kẹ́ ẹ ṣàlàyé, kí wọ́n kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ máa bá a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó kọ̀ lóṣù yìí lè gbà lóṣù tó ń bọ̀ nígbà tí oorun bá dá pátápátá. Tó bá ti di pé ó lè pa ara ẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìgbà tó bá wù ú, ẹ padà sí àwọn àmì pàjáwìrì tí mo kọ ṣáájú Ìgbésẹ̀ 1.

Ní ti owó, ẹ bi dókítà bóyá oògùn àtijọ́ wà dípò tuntun. Haloperidol, chlorpromazine àti amitriptyline ti pẹ́ lọ́jà, wọn ò wọ́n tó àwọn tuntun, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀ràn aláìsàn tí kò lówó, àwọn tí wọ́n ń pè ní social worker, ọsibítù ńlá ní wọn. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, EKHIS, ẹ béèrè ohun tó bò àti ohun tí kò bò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ pe ọsibítù náà bi wọ́n léèrè ọjọ́ kílíníìkì ọpọlọ, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo. Ẹ kó ìwé tẹ́ ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 1 dání, gbogbo oògùn tó ń lò nínú ọ̀rá kan, kádì àtijọ́ tó bá wà, oúnjẹ àti omi torí ìdúró máa ń pẹ́. Ẹni tó bá sì máa bá a wọlé lọ́dọ̀ dókítà, ẹni tó ń bá a gbé tó mọ bó ṣe ń sùn tó ń jí ni, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó sanwó mọ́tò tó sì ti ń yọ fóònù wo aago.